Iṣẹ́ Tí Ìyá Mùfútáù Kò Fẹ́ Gbọ́

"O kú oòrùn o, ọmọ mi. O kú ìrìn. Ará ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Màmá. Wọ́n wà."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, mà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá tó bí ọ ńkọ́? Bàbá ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Ṣíjúadé ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, orúnkún ti ń dùn ún, Ìyá Mùfútáù ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè ará ilé, ó béèrè ará oko, ó béèrè ewúrẹ́ tí Ṣíjú ò sìn rí láyé rẹ̀. Gbogbo bó sì ṣe ń béèrè yìí, kò wo ojú àlejò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ Ṣíjú ló tẹjú mọ́.

Kò sí ọmọdé kan ní Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ ẹ̀gbà náà. Bí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ bá ṣì tutù, àwọ̀ ewé ni í ní. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́ tí wọn ò rí iṣẹ́ náà jẹ́, á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ Ṣíjú ti pọ́n bí ẹyìn.

Ẹ̀wù aró àwọn òjíṣẹ́ tó wọ̀ náà ò tún ràn án lọ́wọ́. Ibi tí ẹlẹ́wù aró bá gbà kọjá, fèrèsé ni wọ́n máa ń tì. Obìnrin kan tó ń sá ẹja lẹ́bàá ọ̀nà ti fi ìborùn bo ojú nígbà tó rí i lókèèrè, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ ọ̀dọ̀ òun ni. Nígbà tí Ṣíjú yà sílé Ìyá Mùfútáù, obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó padà sídìí ẹja rẹ̀.

"Dìde, má fi orúnkún ba aṣọ jẹ́," ni Ìyá Mùfútáù wí. "Wá jókòó. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fẹ́ sè. Ṣé o máa ń jẹ ìkọ́kọrẹ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ kan ni wọ́n rán mi sí yín..."

"Mo béèrè pé ṣé o máa ń jẹ ìkọ́kọrẹ́."

"Mo máa ń jẹ ẹ́, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Jókòó, nígbà náà."

Ọgbọ́n ni, Ṣíjú sì mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Òfin Ẹnu sọ ọ́ gbangba pé òjíṣẹ́ ò gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ kankan títí ẹni tí a rán an sí yóò fi kí i tán, tí yóò fi jókòó, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo ń gbọ́." Àánú ló mú àwọn tó ṣòfin náà ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ìròyìn má baà bá èèyàn lórí ìdúró. Wọ́n rò pé kíkí ò lè pẹ́ títí kó má tán. Wọn ò rántí pé irú Ìyá Mùfútáù wà láyé.

Òjíṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán wá, ọkùnrin ni. Ìyá yìí kí i, ó kí i, títí ọkùnrin náà fi sùn lọ lórí àga. Ẹnì kejì, obìnrin àgbà kan, jẹun tán, ó bá ìyá náà sunkún, ó sì padà sí Ilé-Iṣẹ́ Ẹnu lọ sọ pé òun ò bá a nílé. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé irọ́ ló pa, wọ́n sì mọ̀ pé àánú ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

"Òní ni iṣẹ́ yìí máa kú," ni Ọ̀gá Kúforíjì, olórí wọn, sọ fún Ṣíjú láàárọ̀ bó ṣe ń ki ẹ̀gbà náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ̀gbà á dúdú, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó tún lè jẹ́ ẹ mọ́."

"Ta ló rán an, sà? Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìgbà wo ni òjíṣẹ́ ti ń mọ̀? Èmi gan-an ò mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Òjíṣẹ́ kì í mọ ohun tó gbé. Lẹ́yìn tí olúwarẹ̀ bá ti ní òun ń gbọ́ ni ẹ̀gbà tó máa sọ ọ́ sí òjíṣẹ́ létí, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, bó bá sì ṣe ń gbọ́ ọ ni yóò máa sọ ọ́ jáde. Kò gbọdọ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dákẹ́ láàárín. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbà ò gbọ́ irú ìyẹn. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ẹrú, iṣẹ́ ẹrú náà ni wàá jẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ náà á bàjẹ́, wọ́n á sì bọ́ ẹ̀wù aró lọ́rùn rẹ.

Àmọ́ kí ló tún kù tí èèyàn fẹ́ mọ̀? Mùfútáù wà lára àwọn tó lọ mọ ògiri òkun níbi tí Èkó wà tẹ́lẹ̀ kí omi tó bò ó. Omi ru lóru ọjọ́ kan, ó gbé àgọ́ wọn lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Lójú òfin, ẹni tí ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ ikú rẹ̀ kò tíì kú. Bàtà Mùfútáù ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, Ṣíjú rí i bó ṣe ń wọlé. Wọ́n ti nù ún, ó ń dán.

Ìyá Mùfútáù gbé ewùrà sáàárín ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín. Èèyàn á rò pé ewùrà náà ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọge," ó ní, "ta ló ń rán èèyàn níṣẹ́? Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Orí fóònù la ti ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo lè wà ní yàrá kí n tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọkọ mi ní pálọ̀ pé kó bá mi gbé omi wá."

"Ṣé wọ́n á gbé e wá, mà?"

"Gbé kí ni? Àwòrán orí tó ń rẹ́rìn-ín ni yóò fi ránṣẹ́ sí mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ṣíjú kó tó mọ̀. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ wá kọ́ ohùn wa. Ìyá mi kú, a sin ín, a ṣe fídáù. Lọ́jọ́ kan, fóònù dún, ìyá mi ni. Ohùn rẹ̀ ni, ikọ́ rẹ̀ ni. Ó ní, Sábítìyù, ṣílẹ̀kùn fún mi, òjò ń pa mí." Ó dá ọwọ́ dúró lórí ewùrà. "Mo ṣí i, ọmọ mi."

"Ta lẹ bá níbẹ̀, mà?"

"Kò sẹ́nì kankan. Òjò náà nìkan ni." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rin ewùrà. "Nítorí náà, mi ò bá ìjọba jà pé wọ́n ní ẹnu èèyàn ni kí iṣẹ́ ńlá máa gbà jáde. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnu èèyàn ṣeé fi oúnjẹ dí."

Ó sọ ọ́ láìtijú. Ṣíjú wojú rẹ̀, òun náà sì gbójú sókè wo Ṣíjú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú náà ti pọ́n, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Mo mọ ohun tó o gbé wá," ó ní. "Jẹ́ kó kú sí ọ lọ́wọ́. Oòrùn ò ní pẹ́ wọ̀. Bá mi jẹun, bá mi sọ̀rọ̀, kí o máa lọ. Kò ní pa ọ́ lára, kò ní pa Ilé-Iṣẹ́ Ẹnu lára. Èmi ni yóò pa. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá tíì gbọ́, mo ṣì ní in."

Ṣíjú ti jẹ́ iṣẹ́ ikú lójú ọ̀pọ̀ abiyamọ. Ó ti rí èyí tó dákú, ó ti rí èyí tó gbá a létí. Ó wò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá jókòó jẹ́jẹ́, tí òun jẹ ìkọ́kọrẹ́ òun, ta ni òun ṣẹ̀? Ó nawọ́ gbé abọ́ ẹja yíyan tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun kúrò lára rẹ̀. Ìyá Mùfútáù rí i, ó kí i, "O ṣé, ọmọ mi."

Ó dìde lọ ṣí fèrèsé kí èéfín ààrò lè jáde. Ọ̀sà tẹ́ lọ rẹrẹ níta, ọkọ̀ funfun ńlá kan sì dúró láàárín rẹ̀.

"Àfi ọkọ̀ oníranù yẹn," ó ní, ó pòṣé. "Látìgbà òjò ló ti dúró síbẹ̀. Ọkọ̀ Aláìlẹ́ni ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní àwọn tó wà níbẹ̀ ò ní ìyá, wọn ò ní bàbá, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Gbogbo ẹja ló ti sá fún un. Mo máa ń ṣépè fún un láràárọ̀ kí n tó dáná."

Ó padà wá jókòó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó yáa mú ti Mùfútáù bọnu, torí ìyẹn ò lè tán.

"Ọmọ náà kì í gbọ́ràn ní kékeré. Mo rán an níṣẹ́ lọ́jọ́ kan sí Ìyá Wàsílà nísàlẹ̀ odò. Mo ní kó sọ pé ojú ọ̀run ò dáa, kí ọkọ rẹ̀ má wọ odò lọ́jọ́ yẹn. Ó débẹ̀, ó bá wọn nídìí ẹja sísun. Wọ́n ní kó wá jẹ, ó jẹ. Wọ́n ní kó wá ṣeré, ó ṣeré. Ó padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ mi lẹ́nu bí mo ṣe fi rán an."

"Ọkọ Ìyá Wàsílà wá ńkọ́, mà?"

"Ó wọ odò. Mo na ọmọ náà, mo ń nà án, mo ń sunkún. Mo ní elétí ikún ni ọ́. Ẹni a rán níṣẹ́ tó jókòó ti oúnjẹ, tó gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ padà wálé. Àtọjọ́ náà, bí inú bá ti bí mi, orúkọ tí mo ń pè é nìyẹn. Inú ilé yìí náà ni o, mi ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ níta kí ojú má tì í. Elétí ikún. Á ní, Màámi, mo ti gbọ́ báyìí..."

Ọ̀rọ̀ náà dá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo abọ́ ẹja tó wà lọ́wọ́ Ṣíjú. Ṣíjú náà wo abọ́ ọ̀hún. Ó rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹni tó rán mi náà ń dúró."

"Ta ló rán ọ?"

"Mi ò mọ̀, mà. Àmọ́ mi ò fẹ́ gbé e padà wálé."

Ìyá Mùfútáù fọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ewùrà, ó nù ún gbẹ, ó tún gèlè rẹ̀ wé bí ẹni tó fẹ́ jáde. Ó wá jókòó lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó di etí ìró rẹ̀ mú.

"Kò burú," ó ní. "Mo ń gbọ́."

Ẹ̀gbà gbọ̀n lọ́wọ́ Ṣíjú, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ létí. Ó la ẹnu.

"Màámi, èmi Mùfútáù ni."

Ṣíjú gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń jẹ́ iṣẹ́, kò tíì gbé èyí tó bẹ̀rẹ̀ báyìí rí. Díẹ̀ ló kù kó dákẹ́, ó rántí pé bí òun bá dákẹ́, iṣẹ́ bàjẹ́.

"Mo wà láàyè. Omi ò gbé mi lọ. Ọkọ̀ àwọn àjèjì ló yọ wá, wọ́n sì ti kó wa dé. Mo wà nínú ọkọ̀ funfun tó wà lójú ọ̀sà. Mo ń rí òrùlé wa láti ojú fèrèsé. Mo ń rí èéfín ààrò yín láràárọ̀, ni mo fi mọ̀ pé ẹ ṣì wà. Mo sọ orúkọ mi fún wọn, wọn ò gbà. Wọ́n ní ẹ̀rọ lè ṣe ojú, ó lè ṣe ohùn, ó lè ṣe ìka ọwọ́, àwọn ò mọ̀ bóyá èèyàn ni mí. Ẹnu ìyá tó bí mi nìkan ni àwọn máa gbà. Màámi, orúkọ tí ẹ máa ń pè mí bí inú bá bí yín, ẹ sọ ọ́ fún òjíṣẹ́. Mo ti sọ tèmi fún wọn. Bí tiyín bá bá tèmi mu, wọ́n á jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbà máa kú tí wọn ò tíì gbọ́ èsì ní èbúté, ẹ̀yìn òkun ni wọ́n ń kó wa lọ, a ò sì ní padà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè."

Ó parí. Látìgbà òjò ni ọmọ náà ti wà níbẹ̀. Lójú fèrèsé tí wọ́n jọ ń wò yìí.

Ìyá Mùfútáù ò ké, kò dìde. Ẹnu rẹ̀ là, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Ó yí ojú sí fèrèsé, ó wo ọkọ̀ tó ti ń ṣépè fún láràárọ̀, ó tún yí ojú padà. Ẹnu tí kò sinmi láti ọ̀sán, tó béèrè ewúrẹ́ àti ẹran ọ̀sìn gbogbo, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ.

"Màmá, ẹ sọ ọ́."

Kò sí ohùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ náà. Oòrùn ń wọ̀."

Lójú ọ̀sà, ọkọ̀ funfun fọn fèrè rẹ̀, ó dún wúù, àwọn ẹyẹ tú lórí òrùlé. Ẹ̀gbà ti ń dúdú létí. Ohun tó sì dùn Ṣíjú jù ni pé orúkọ náà wà lẹ́nu òun alára. Ìyá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún un nídìí ewùrà ni, àmọ́ ẹ̀gbà ò ka ohun tí wọ́n sọ kí iṣẹ́ tó jáde. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá fi lè sọ ọ́ kí ìyá tó sọ ọ́, ẹ̀gbà á mọ̀ pé ohùn òjíṣẹ́ ni, á pa dé, Mùfútáù á di ọmọ aláìlẹ́ni títí láé. Ó fi eyín rẹ̀ de ahọ́n. Ó di ìyá náà léjìká mú, ó mì í, orí ìyá ń lọ síwá sẹ́yìn lásán. Ẹ̀rù ba Ṣíjú gan-an.

Kò mọ ohun tó mú un ṣe é. Ó sáà bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ó ní.

Ìyá Mùfútáù ṣẹ́jú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."

Àgbàlagbà tí wọ́n ti kí láti ìgbà èwe rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìkíni kí wọ́n má dá a lóhùn. Ètè ọ̀hún pàdé ara wọn. "O kú... o kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Ará ilé ńkọ́, mà?"

"Wọ́n wà."

"Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́."

"Àwọn ọmọ ńkọ́, mà?"

"Ẹyọ kan ni." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹyọ kan ṣoṣo ni."

"Bí inú bá bí yín, kí lẹ ń pè é, mà?"

"Elétí ikún," ni Ìyá Mùfútáù wí.

Ẹ̀gbà dún, àwọ̀ ewé sì yọ lára rẹ̀. Ìyá Mùfútáù gbọ́ ohun tó sọ. Ó gbé ọwọ́ lé etí ara rẹ̀, ó tún un pè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Elétí ikún." Kò jọ pé ọmọ rẹ̀ ló ń pè lọ́tẹ̀ yìí.

Ṣíjú ti dìde. Òfin ò yí padà, ẹnu ni iṣẹ́ gbà wá, ẹnu náà ni èsì gbọdọ̀ gbà lọ, wọ́n sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ ní èbúté kí oòrùn tó wọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó kó ẹ̀wù aró rẹ̀ sókè, ó bẹ́ sọ́nà. Kò tíì sáré jìnnà tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá Mùfútáù ló ń bọ̀, gèlè ti já bọ́, ó so ìró mọ́ àyà, bàtà ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Obìnrin ẹlẹ́ja rí wọn, ó rò pé òkú ti dé, ó káwọ́ lérí. Kò sẹ́ni tó ráyè dá a lóhùn.

Oòrùn ti kan omi nígbà tí wọ́n dé èbúté. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ aṣọ funfun ń tú okùn ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé e padà sínú ọkọ̀ funfun ńlá náà, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀. Ó rí ẹlẹ́wù aró, ó dúró, àmọ́ kò fi okùn sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni Ṣíjú, bó ti ń mí hẹlẹ náà ló ti tẹ orúnkún mọ́ pákó.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú..."

Ọwọ́ kan bà á léjìká láti ẹ̀yìn. Ewùrà ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Má kí i," ni Ìyá Mùfútáù wí. "Jíṣẹ́."